Kíka Ọmọ Fún Ọlọ́mọ: Lórí Èdè Ìṣirò Ìbí àti Ikú Ọmọ

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa ń ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àlejò bá bi obìnrin léèrè iye ọmọ tí ó bí, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò mọ iye ọmọ tí a ń bí kò lè mọ iye ilé-ìwé tí yóò kọ́, iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò rà, tàbí iye agbẹ̀bí tí yóò gbà síṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Elétò Ìkànìyàn ti Nàìjíríà fi ń wọ ilé dé ilé, tí wọ́n ń bi abiyamọ ní ohun tí ará ilé rẹ̀ pàápàá kì í bi í ní gbangba: mélòó ni ó bí, mélòó ni ó wà láàyè, mélòó ni ó ti lọ, ọjọ́ orí wo sì ni èyí tí ó lọ dé kí ó tó lọ. Bí a bá fi èdè tí kò ṣe rẹ́gí béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí kò pé ni a ó gbà. Bí a bá sì tún fi èdè tí kò ṣe rẹ́gí ròyìn ohun tí a gbọ́, ará ìlú yóò gbọ́ ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí a rí.

Ẹ wo ìwádìí ńlá méjì tí àjọ náà ṣe gbẹ̀yìn lórí ìbímọ àti ìlera. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni ikú ń mú lọ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Èyí tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2023 tí wọ́n sì parí ní 2024, fi hàn pé iye náà ti wálẹ̀ sí 110. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn tí ń kú láìpé ọdún kan náà dín díẹ̀, láti 67 sí 63. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lo oṣù kan péré lórí ilẹ̀ ayé kò dín rárá: 39 ni wọ́n nígbà àkọ́kọ́, 41 ni wọ́n nígbà kejì. Bí a bá wá ká gbogbo èyí mọ́ inú gbólóhùn kan ṣoṣo, tí a ní ikú àwọn ọmọdé ti dín kù, a kò purọ́, ṣùgbọ́n a ti fi aṣọ bo ọmọ tuntun jòjòló mọ́lẹ̀, ẹni tí ó sì yẹ kí ó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbà pé iṣẹ́ ti ń parí lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí kò sì gbọ́ pé orí ọmọ tuntun wọ́, báwo ni yóò ṣe tún un ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni èdè kò wọ́n wa níbẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ya ọjọ́ orí ọmọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìyá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dọ́gba: ìkókó ni èyí tí ọrùn rẹ̀ kò tí ì gbó, tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé bí ẹyin, ọmọ-ọwọ́ ni èyí tí ń bẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tàbí lórí itan rẹ̀, lẹ́yìn náà ni èyí tí a já lẹ́nu ọmú, tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nínú erùpẹ̀. Nítorí náà, ikú ìkókó ni kí a pe ti oṣù àkọ́kọ́, ikú ọmọ-ọwọ́ ni kí a pe ti ọdún àkọ́kọ́, ikú ọmọ kékeré sì ni kí a pe ti ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, kí a sì máa là á yé ènìyàn pé ti ìṣáájú wà nínú ti ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ro 39 pọ̀ mọ́ 67 àti 132. Lóòótọ́, lẹ́nu ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìkókó àti ọmọ-ọwọ́ a máa wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ èdè-ìperí gan-an nìyẹn, pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wà, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ọmọ tí a bí láàyè, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró. Nígbà mìíràn ọmọ a jáde láìké. Agbẹ̀bí a yára nù ún gbẹ, a fi aṣọ ra á lẹ́yìn, a fi ìka gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo etí tí ó wà nínú yàrá a sì máa retí igbe. Bí ó bá mí lẹ́ẹ̀kan, bí ọkàn rẹ̀ bá lù, bí okùn ìwọ́ bá ń sọ, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mira fúnra rẹ̀, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ọmọ ààyè ni a bí, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lò kí ó tó padà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé, ọmọ tí kò ké, òkú ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì ròyìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá pàápàá yóò gbà pé ó rí. Ọmọ náà bọ́ kúrò nínú iye àwọn tí a bí láàyè, ó sì bọ́ kúrò nínú iye àwọn tí ó kú, àfi bí ẹni pé kò wá rárá.

Àṣà wa sì tún dá kún un. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń kó ọmọ jáde, ọjọ́ náà ni ó ń jẹ́ orúkọ. Èyí tí ó bá lọ ṣáájú rẹ̀, a kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní gbangba, àwọn àgbà a sì kìlọ̀ fún ìyá pé kí ó gbé omijé mì nítorí èyí tí ń bọ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí a bá bi í léèrè iye ọmọ tí ó bí, àwọn tí ó jẹ́ orúkọ ni yóò kà. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Òfin ìbànújẹ́ tí a fi tọ́ ọ ni ó ń tẹ̀lé. Nítorí náà ni mo fi gbà pé kò tó kí akọ̀wé béèrè pé ọmọ mélòó ni ẹ bí; ó yẹ kí ó rọra fi kún un pé, ǹjẹ́ ẹ bí èyí tí ó ké, tàbí tí ó mí, tàbí tí ara rẹ̀ mira, bí kò tilẹ̀ dé ọjọ́ ìkómọ? Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé a máa ya ikú ọjọ́ méje àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tí ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ìkókó tí ń kú. Àwa ti ní ààlà yẹn nínú àṣà wa tipẹ́tipẹ́: ikú ṣáájú ìkómọ ni kí a pè é, kò sì sí ìyá Yorùbá kan tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ rẹ̀ fún.

Àwọn kan yóò fẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àbíkú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ó sì wúwo lẹ́nu. Mo kọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Àbíkú kì í ṣe òǹkà. Ẹ̀sùn ni, ọmọ ni a sì fi kàn. Ẹni tí ó bá ti pe ọmọ ní àbíkú ti sọ ohun tí ó pa á, kò tún sí ìdí láti béèrè bóyá ibà ni, tàbí ìgbẹ́ gbuuru, tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí ń ti ara ìyá àti baba wọ ara ọmọ. Ti pé kí a mọyì ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wa nígbà tí kò sí ìwé, mo gbà: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, orúkọ wọ̀nyí ni àkọsílẹ̀ ikú ọmọ tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀, lára ẹni tí ó wà láàyè ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ ọmọ ní Kòkúmọ́ bí ikú kò bá ti kọ́kọ́ wọlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà dúró sípò rẹ̀ nínú orúkọ àti nínú oríkì.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ pé àìsàn ni ó ń wà lẹ́yìn ohun tí a ń pè ní àbíkú, ilẹ̀ wa gan-an ni ó ti wá. Ní ọdún 1956 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ́sì-Ilé. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n wọn sórí káàdì, àwọn ìyá sì ni ó ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ìlà tí ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Ìlà tí ó dúró sójú kan, oúnjẹ kò tó tàbí àìsàn ti ń bọ̀, kódà bí ojú kò tí ì rí i. Káàdì yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè gbà lò lẹ́yìn náà. Ọmọ tí ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ìbá gba ilà lójú gẹ́gẹ́ bí àbíkú, èéyi àti àìjẹunkánú ni a rí pé ó ń bá a jà. Ìlà ìdàgbà ni kí a máa pe ohun tí ó wà lórí káàdì náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí èdè wa fi sàn ju ti àwọn tí a ń túmọ̀ ìwé wọn lọ. Ìkúnlẹ̀ ni ti ìyá, ọmọ ni ti ayé. Obìnrin tí ó bí ìbejì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bí méjì. Láàárín wa, tí ìwádìí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Nylander ti fi hàn pé ìbejì lé ní 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìkúnlẹ̀, ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi ìṣirò ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ló dànù, agbè kò fọ́, tí a fi ń tu ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ nínú, ti ya ikú ọmọ kúrò lára ikú ìyá kí ilé ìwòsàn tó dé ilẹ̀ yìí. Nínú ìwádìí ti 2018, ìyá 512 ni wọ́n ṣírò pé ó ń kú nítorí oyún àti ìbímọ nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ tí a bí láàyè. Ọ̀kẹ́ márùn-ún yìí ni kí a máa wí, nítorí òǹkà wa gbé e láìnira.

Ti ọmọ tí kò pé odidi ni ó máa ń da àwọn atúmọ̀ láàmú. Wọ́n kà á nínú ìwé pé obìnrin kan ń bí ọmọ 5.3 ní 2018, pé ó sì di 4.8 nínú ìwádìí tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe sọ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọmọ ní Yorùbá. Kò sí obìnrin tí ń bí ìdá ọmọ. Kí a ka obìnrin mẹ́wàá papọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tò.

Nítorí náà, bí a bá ní kí n kọ ìròyìn náà fún rédíò, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: “Obìnrin mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ń bímọ bí a ti ń bímọ lónìí títí nǹkan oṣù yóò fi dáwọ́ dúró lára wọn, ọmọ 48 ni wọn yóò bí láàárín ara wọn. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bá bí láàyè, 110 kì í pé ọdún márùn-ún. Nínú 110 yìí, 63 kì í pé ọdún kan. Nínú 63 náà, 41 jẹ́ ìkókó tí kò lo oṣù kan. Ikú ọmọ kékeré ti dín kù. Ikú ìkókó kò dín.”