Agbóhùn Gìtá àti Ìtàn Orin Wa: Àyẹ̀wò Pípààrọ̀ Agbóhùn Gìtá Oníná, pẹ̀lú Ìtọ́kasí Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

1. Ìfáàrà

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn orin jùjú àti háíláìfù, ohùn olórin, ọ̀rọ̀ orin àti ìlù ni wọ́n sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Wọn a dárúkọ gìtá, ṣùgbọ́n bí ohun tí kì í yí padà ni wọn a ṣe dárúkọ rẹ̀. Wọn a sọ ẹni tí ó ta á àti ọdún tí ó ta á. Wọn kì í sábà béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé apá kékeré kan lára gìtá oníná, èyí tí àwọn onígìtá ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ní ìtàn tirẹ̀, àti pé pípààrọ̀ rẹ̀ lè ṣi òpìtàn lọ́nà bí kò bá fiyè sí i. Agbóhùn ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé gbígba ohùn lára okùn gìtá ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí méjì ni a fi mú agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́kasí. Èkíní ni pé Orlando Owoh, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi gìtá oníná dá ara wọn mọ̀ jù lọ láàrin àwọn olórin háíláìfù, jẹ́ ọmọ agbègbè náà tọ̀tún-tòsì: ará Ìfọ̀n ní Ọ̀sẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Èkejì ni pé ọdún Ìgogo tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ fún wa ní àpẹẹrẹ àtijọ́ kan nípa bí a ṣe ń fi ohun èlò orin kan rọ́pò òmíràn tí ìtàn kò sì fi ní sọnù.

2. Ohun tí agbóhùn jẹ́

Agbóhùn kò ju irin òòfà tí a wé wáyà bàbà mọ́ lára lọ. Wáyà náà tín-ín-rín, ó sì lè tó ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ó wé e. Abẹ́ okùn gìtá ni a ń dè é mọ́. Bí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè òòfà, agbára òòfà náà á máa yí padà, ìyípadà yìí ni ó sì ń bí iná mànàmáná kékeré sínú wáyà. Ẹ̀rọ áńpù ni yóò wá sọ iná kékeré náà di ohùn ńlá. Òfin ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Michael Faraday rí ní 1831 ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí gìtá olókùn ọ̀rá kì í fi í sọ̀rọ̀ nínú agbóhùn olóòfà: òòfà kò mọ ọ̀rá, irin ni ó mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ni wọ́n kọ́kọ́ mú gìtá olóòfà tí ó kẹ́sẹ járí jáde ní nǹkan bí ọdún 1931 sí 1932. Ilé-iṣẹ́ Gibson gbé ES-150 tirẹ̀ jáde ní 1936, Fender sì gbé Stratocaster jáde ní 1954. Gbogbo àwọn agbóhùn ìgbà náà ni wọ́n ní àléébù kan: bí wọ́n ti ń gbọ́ okùn ni wọ́n ń gbọ́ iná ilé. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ìjọba ń mì ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkùn bí oyin ni àléébù yìí máa ń jọ létí. Ní 1955, Seth Lover ní ilé-iṣẹ́ Gibson so agbóhùn méjì pọ̀, ó wé wáyà èkejì ní òdìkejì ti èkíní, ó sì dojú òòfà wọn kọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíkùn inú méjèèjì wá ń pa ara wọn, ohùn okùn sì ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi gba èyí kò ṣàì ní iye: ohùn agbóhùn oníbejì ki, ó sì kún, ṣùgbọ́n kì í mú ṣámúṣámú bíi ti oníkan.

3. Bí agbóhùn ṣe dé inú orin Yorùbá

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń ta bánjò ní Èkó, kò sí iná nínú orin jùjú rárá. Àyìndé Bákàrè, tí ó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1937, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ fi iná sí gìtá jùjú ní 1949. Kì í ṣe agbóhùn olóòfà ni ó lò. Makirofóònù kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara gìtá onígi ni. Ìyàtọ̀ méjèèjì ṣe pàtàkì. Igi ni makirofóònù àlẹ̀mọ́ ń gbọ́: bí ọwọ́ bá kan àpótí gìtá, yóò gbọ́, bí a bá gbé áńpù súnmọ́ ọn, yóò ké tantan. Okùn ni agbóhùn olóòfà ń gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí gìtá olóòfà gba ipò lọ́wọ́ gìtá àlẹ̀mọ́, ohun tí a ń gbọ́ gan-an ni ó yí padà láti ara igi sí ara irin.

Ọdún 1948 sí 1949 náà ni ìlù gángan wọ inú jùjú. Kì í ṣe èèṣì ni pé méjèèjì wọlé pọ̀. Láìsí iná, gángan ìbá bo gìtá mọ́lẹ̀. Iná ni ó jẹ́ kí ìlù àti gìtá lè jókòó sínú agbo kan náà. Láti ibẹ̀ ni gìtá ti pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, tí gìtá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin fi ń dá ara wọn lóhùn. Ní Benin tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, Victor Uwaifo (1941–2021) fi gìtá oníná sọ háíláìfù di tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1960.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn kan lè sọ pé agbóhùn ń yí ohùn òkè padà sí ìsàlẹ̀, tí yóò fi di pé ọkọ́ di ọkọ̀ lẹ́nu gìtá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ onígìtá ni ó ń yan òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tí agbóhùn ń ṣe ni pé ó ń pinnu bí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe mọ́ gaara tó, àti bí a ó ṣe lè ya gìtá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nínú orin tí gìtá ti ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, tí gìtá mẹ́ta sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí gbogbo wọn bá ki, àsọpọ̀ yóò di ariwo.

4. Ìdí tí a fi ń pààrọ̀ agbóhùn àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é

Ìdí mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Àkọ́kọ́ ni ikú agbóhùn. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ilẹ̀ igbó máa ń jẹ wáyà tín-ín-rín náà. Bí ó bá já níbì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ti yadi. Ìkejì ni kíkùn, pàápàá níbi òde àríyá tí jẹnẹrétọ̀ àti gílóòbù aláràbarà wà nítòsí. Ìkẹta ni ìfẹ́ ohùn tuntun. Ní Amẹ́ríkà, ìfẹ́ yìí sọ agbóhùn di ọjà ọ̀tọ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí Larry DiMarzio àti Seymour Duncan fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọrọ̀ ajé fi ìdí kẹrin kún un. Nígbà tí owó epo rọ̀ ṣọ̀mù ní àwọn ọdún 1970, gìtá tuntun kò ṣòro fún ẹgbẹ́ olórúkọ láti rà. Ṣùgbọ́n ìjọba Shagari ṣe òfin ìfowóṣọ́wọ́ná ní 1982, ètò ìṣàtúntò ọrọ̀ ajé sì dé ní 1986. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Kí 1986 tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ́ tí ìbá ra gìtá tuntun wá di ẹgbẹ́ tí ó ní láti tún ti àtijọ́ ṣe. Ìgbà yìí kan náà ni fújì, tí kò gbára lé gìtá, ń gbilẹ̀. A kò sọ pé ọ̀wọ́n gìtá nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣàlàyé bí jùjú àti háíláìfù ṣe fà sẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbójú fo ọ̀ràn irin-iṣẹ́.

Ní ti ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ó mọ rédíò tún ṣe ni. Yóò tú okùn, yóò ṣí pákó ojú gìtá, yóò sì fi mítà wọn agbóhùn náà. Bí wáyà inú rẹ̀ bá pé, mítà yóò sọ iye kan, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tàbí méje óòmù fún ọ̀pọ̀ agbóhùn oníkan. Bí ó bá ti já, mítà kò ní sọ nǹkan kan. Yóò fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì ojú ìsopọ̀ àtijọ́, yóò sì jó tuntun mọ́ ọn. Ohun méjì ni ó gbọdọ̀ kíyè sí. Àkọ́kọ́, kí ojú òòfà bá ojú okùn mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn kan yóò sọ̀rọ̀ sókè, èkejì yóò máa kùn sínú. Èkejì, kí ẹ̀yìn wáyà tuntun má baà dojú kọ òdì ti agbóhùn kejì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá ṣí méjèèjì pọ̀, ohùn wọn yóò tín-ín-rín bí ohùn inú agolo.

5. Ọ̀ràn ẹ̀rí: àpẹẹrẹ Orlando Owoh

Ọdún 1932 ni wọ́n bí Orlando Owoh ní Òṣogbo. Ó ṣe iṣẹ́ káfíńtà kí ó tó bá ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ ní 1958, ó dá ẹgbẹ́ Omimah sílẹ̀ ní 1960, lẹ́yìn náà ni Young Kenneries àti African Kenneries dé. Ó kú ní oṣù kọkànlá 2008. Ohùn rẹ̀ tí ó há, àti gìtá tí ó máa ń dá a lóhùn, ni àwọn olùgbọ́ fi ń mọ orin tí òun fúnra rẹ̀ pè ní tóyè.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé rẹ́kọ́ọ̀dù méjì láti inú irú iṣẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀, tí ó gbọ́ pé gìtá inú ọ̀kan mú, ti èkejì sì ki. Ó lè kọ ọ́ pé ọwọ́ onígìtá ti yí padà. Ó lè kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ náà ti gba onígìtá mìíràn. Ó tilẹ̀ lè kọ ọ́ pé orin ìlú òkèèrè ni ó ń nípa lórí wọn. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé agbóhùn kan ni ó kú, tí atúnrédíòṣe kan sì fi èyí tí ó rí rọ́pò rẹ̀. Ìtumọ̀ kan ń sọ nípa èrò olórin. Ìtumọ̀ kejì ń sọ nípa ọjà àti ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìtumọ̀ kejì wà yóò fi ìgboyà kọ àkọ́kọ́. Ohun tí ó wà nínú ewu nìyí: kì í ṣe ohùn gìtá nìkan, òtítọ́ ìtàn wa ni.

Ẹ̀wẹ̀, a ti kọ orúkọ àwọn olórin sílẹ̀, a ti kọ ti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Orúkọ àwọn tí wọ́n ń tún gìtá ṣe kì í jẹ yọ lẹ́yìn rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ yọ nínú àpilẹ̀kọ tiwa náà.

6. Ohun tí àṣà wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Pípààrọ̀ apá kan lára ohun èlò orin kì í ṣe tuntun sí wa. Awọ dùndún a máa bẹ́, ọsán rẹ̀ a máa já. Àwọn ọmọ Àyàn yóò pààrọ̀ wọn, ìlù náà yóò sì máa jẹ́ ìlù bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pààrọ̀ awọ wà nínú ẹbí. Ó mọ awọ àtijọ́, ó sì lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ìgbà tí ó yí i padà. Ìtàn ìlù ń bá ìlù rìn.

Ti Ìgogo tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní àkókò ọdún náà, tí ó máa ń gba ọjọ́ 17, wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀, láti inú agogo náà ni orúkọ ọdún sì ti wá. Nítorí Orònsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún náà. Ẹ kíyè sí i pé rírọ́pò ìlù pẹ̀lú agogo kò pa ìtàn rẹ́. Òun gan-an ni ó ń pa ìtàn mọ́. Ọmọdé tí ó bá béèrè ìdí tí a kò fi lu ìlù yóò gbọ́ ìtàn Orònsẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èyí àti pípààrọ̀ agbóhùn gìtá kò sí nínú pípààrọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wà nínú pé ẹnì kan ń rántí ti ìṣáájú, kò sì sí ẹni tí a yàn láti rántí ti ìkejì.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé agbóhùn jẹ́ apá kan ẹ̀rí nínú ìtàn orin, pé pípààrọ̀ rẹ̀ ní ìdí tí ó kan ọ̀rinrin, iná àti owó, àti pé ìyípadà ohùn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kò tó láti fi ṣe ìdájọ́ lórí èrò olórin. Àbá mẹ́ta ni a mú wá fún àwọn akẹ́gbẹ́ wa. Kí ẹni tí ó bá ń fọ̀rọ̀ wá olórin àgbà lẹ́nu wò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí ó ń tún gìtá rẹ̀ ṣe, kí ó sì wá onítọ̀hún lọ. Kí ẹni tí ó bá rí gìtá àtijọ́ ṣí ojú rẹ̀, kí ó wo ojú lẹ́ẹ̀dì àti ibi tí a ti gbẹ́ igi, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá sì ní láti yọ agbóhùn tí ó ti kú, kí a má ṣe jù ú nù. Kí a dè é sínú àpò gìtá pẹ̀lú ìwé tí a kọ ọjọ́ sí. Mùsíọ́ọ̀mù wà ní Ọ̀wọ̀ láti 1968 fún àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin. Kò sí ìdí tí gìtá ọmọ Ìfọ̀n tàbí ọmọ Ọ̀wọ̀ kò fi ní rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pẹ̀lú agbóhùn rẹ̀ àtijọ́ àti orúkọ ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ti ń dàgbà, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ tán kí a tó béèrè.