Sílíńdà Wo Ni Kò Ṣiṣẹ́?

Ganmo ni Corolla mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òmù-Àrán ni mo ti ń bọ̀, Ìlọrin ò sì jìnnà mọ́. Mo tẹná, mọ́tò ò sáré; ó kàn ń já bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "míìsì" nìyẹn: sílíńdà kan ti dákẹ́, àwọn yòókù ló ń fà á.

Wọ́n júwe bàbá mẹkáníìkì kan fún mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, scanner sì wà nínú báàgì mi. Bí mo ṣe fẹ́ fà á yọ, bàbá ní, "Mú sùúrù ná, ọmọ mi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ́ńjìnnì."

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó yọ wáyà orí kọ́ìlì kìíní, ẹ́ńjìnnì túbọ̀ gbọ̀n. Ó dá a padà. Ó yọ tìkejì, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ó tún gbọ̀n. "Èkejì ni," ó ní. Mo ki scanner bọ abẹ́ sítíárìn. Kódù tó gbé wá ni P0302. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń tọ́ka sí sílíńdà: èkejì náà ni.

Níbo ni irú etí bẹ́ẹ̀ ti wá? Ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna, ọdún yẹn náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Èkó. Peugeot 504 àti Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìgbà náà fi kọ́ṣẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ sílíńdà nínú wọn. Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, dísítíríbútọ̀ ló ń pín iná fún plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá rọra ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan á tanná nígbà 400. Ìlù ni. Bí ọwọ́ kan bá ṣì í lù, etí tó ti mọ́ ọn lára á gbọ́.

Etí nìkan kọ́, ojú náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á tú plọ́ọ̀gì, wọ́n á wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá rin fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ti ń wọ inú sílíńdà. Bó bá funfun, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ yá.

Nígbà tó yá, mọ́tò yí padà. Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn, tòkunbọ̀ sì gba títì. Ní Amẹ́ríkà, láti orí mọ́tò ọdún 1996, òfin sọ pé gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun gbọ́dọ̀ ní ètò OBD-II, kí kọ̀ǹpútà inú wọn lè máa sọ àìsàn wọn ní kódù kan náà, mọ́tò yòówù kó jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń di tòkunbọ̀ ni kódù náà ń bá wọn wọ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà mí lẹ́nu ni bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń mọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka eyín tó wà lára kẹ̀kẹ́ kan tó ń bá kránkì yí. Bí sílíńdà kan kò bá tanná, kránkì á fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ìlù yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́! Ohun tí etí bàbá ń ṣe ni wọ́n gbé fún ẹ̀rọ.

Àmọ́ kódù sọ ibi tó ń dùn, kò sọ ohun tó fà á. Àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ èyí dáadáa: ìlà tí ètò ti dáwó lè jìnnà sí ìlà tí àṣìṣe wà. Síbẹ̀, èmi ni mo ní kí n lọ ra kọ́ìlì tuntun. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́ìlì kejì sórí ìkẹta, ó gbé ìkẹta sórí ìkejì. Ó ní bó bá jẹ́ kọ́ìlì ló bàjẹ́, àìsàn á bá a lọ. Mo pa kódù rẹ́, a tan ẹ́ńjìnnì. P0302 ló tún yọ. Ó fi plọ́ọ̀gì ṣe bákan náà. P0302.

Ló bá tẹ̀lé wáyà nọ́sù tó ń fọ́n epo sí sílíńdà kejì, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èkúté ti jẹ ẹ́ níbi tó fara pamọ́ sí. Ó so ó, ó fi téèpù wé e. Kọ́ìlì tí mo fẹ́ sáré rà kò ní wo nǹkan kan sàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ òde òní, scanner ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, mi ò sì bá wọn wí. Èmi náà nìyẹn. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ká gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ká má mọ ìbéèrè tó kàn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa pààrọ̀ nǹkan lọ títí owó oníbàárà fi máa tán.

Kí n tó kúrò ní Ganmo, bàbá pe ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ó tún yọ wáyà kọ́ìlì kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ó bi í.

Ọmọ náà ní òun gbọ́. Bàbá ní kó wá yọ ọ́ fúnra rẹ̀.