Omi Ẹ̀rọ, Gáàsì Òkè Òkun, Iná NẸ́PÀ: Bí A Ṣe Ń Lé Afẹ́fẹ́ Jáde ní Láàbù Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀rọ HPLC nílùú Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ bèèrè ìtàn omi ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á ya àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láàbù lónìí lẹ́nu. Wọn ò ní rí ohun tó pa ẹ̀rọ olówó ńlá, tó ń ya èròjà inú oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pọ̀ mọ́ páìpù tó ń kán tó tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Àmọ́ àwa tá a kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ láàbù ní Pólì Ìbàdàn, tá a wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1980, mọ̀ ọ́n dáadáa: ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ tó ń wá láti Aṣejire bá kọ̀ tí kò sáré, ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ wa máa ń sinmi.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Kò sí omi tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, bó ti wù kó mọ́ tó. William Henry, ará England, ti fi hàn láti 1803 pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tẹ omi tó ni yóò ṣe wọnú rẹ̀ tó. Bí ìtẹ̀ náà bá dínkù, afẹ́fẹ́ á jáde, bí ìgbà tá a ṣí ìdérí mínírà. Methanol tá a ń lò nínú HPLC máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú ju omi lọ fíìfíì. Tá a bá wá po òun àti omi pọ̀, àpòpọ̀ náà kò lè gba gbogbo afẹ́fẹ́ tí àwọn méjèèjì gbé wá, ni ìyókù bá tú jáde, ó di bọ́bùlù.

Bọ́bùlù kan ṣoṣo tó wọnú páǹpù ti tó láti ba iṣẹ́ òwúrọ̀ kan jẹ́. Omi kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Ọ̀pá páǹpù á máa lọ, á máa bọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa fún, omi ò ní kúrò lójú kan. Bó bá ráyè kọjá, á lọ yọjú níbi iná tó ń ka èsì, níbi tí ìtẹ̀ ti lọ sílẹ̀, á sì ya òkè ṣóńṣó sórí bébà, ká máa rò pé oògùn kan wà níbẹ̀ tí kò sí. Oxygen inú afẹ́fẹ́ tún ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ àwọn èròjà kan kù.

Ẹni tó dá iṣẹ́ yíya èròjà sọ́tọ̀ yìí sílẹ̀ kò mọ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Mikhail Tswett, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, rọ ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì sínú ọ̀pá gíláàsì nílùú Warsaw, ó da àwọ̀ tó fà jáde lára ewé sí i lórí, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè sì pín sí ìpele ìpele. Ó ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1903. Nǹkan olómi náà ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, kò sí páǹpù tó ń tì í. Ìgbà tí páǹpù dé ni ọ̀ràn afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Csaba Horváth, ará Hungary tó lọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Waters ní Amẹ́ríkà ti ń ta páǹpù M6000, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú ìtẹ̀ 6000 psi tó lè fara dà. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 psi lọ, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń wí.

Kí irú ẹ̀rọ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ìbàdàn kò jókòó lásán. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní England nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu, ibẹ̀ sì ni ayé ti mọ aflatoxin, májèlé tí olu Aspergillus flavus ń mú jáde. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir, ọmọ Sierra Leone tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti Adekunle, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwádìí, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èròjà tuntun méjì tí wọ́n rí lára olu yìí kan náà, wọ́n sọ wọ́n ní palmotoxin. Pẹpẹ gíláàsì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun tẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ nígbà náà sábà máa ń fi ya èròjà sọ́tọ̀. Pẹpẹ kò bèèrè páǹpù, kò sì bèèrè iná láti ya èròjà. Títí dòní ni mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí síǹkì. Ohun tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde ò ju ọ̀pá irin tàbí gíláàsì kékeré kan lọ, tá a máa so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Tí omi bá ń sáré gba ibi tóóró inú rẹ̀ kọjá, á máa wọ́ afẹ́fẹ́ dání láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn la máa so mọ́ ìgò gíláàsì tí àpòpọ̀ wa wà nínú rẹ̀, a ó máa mì ín, bọ́bùlù á máa tú jáde. Bunsen ará Jámánì, tí gbogbo ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì mọ orúkọ rẹ̀ lára iná gáàsì láàbù, ló sọ fífi omi fa afẹ́fẹ́ di ohun tó tàn káàkiri ní nǹkan bí 1868.

Jámánì nìyẹn o. Ní Ìbàdàn, ìdíwọ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni pé agbára irinṣẹ́ yìí kò lè kọjá ibi tí oru omi fúnra rẹ̀ bá dá a dúró. Omi tó tutù tó ìwọ̀n 15 Celsius lè fa afẹ́fẹ́ títí ìtẹ̀ á fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13 mmHg, àmọ́ omi tiwa tó gbóná dé ìwọ̀n 30, nǹkan bíi 32 ló ti máa dúró. Ìwé tí wọ́n kọ ní London kò sọ èyí fún wa. Ìkejì ni páìpù. Ìlú yìí ti ń mu omi Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, Aṣejire sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1972, àmọ́ ìlú ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, omi ò sì bá a fẹ̀. Tí omi bá ń sáré, tó wá rọlẹ̀ lójijì, ohun tó wà ní síǹkì á gba ọ̀pá náà padà sínú ìgò wa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ìgò òfìfo kan sáàárín kó lè gba omi àpadàbọ̀ yẹn. Ó tún ní ká má fa àpòpọ̀ náà pẹ́ jù, nítorí methanol ló kọ́kọ́ máa ń fò lọ. Bó bá ti dínkù, gbogbo àkókò tí èròjà yẹ kó jáde á yí padà, ẹ ó sì máa bá ẹ̀rọ jà lórí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe.

Ní 1978, Bakalyar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwé kan jáde lórí ipa tí afẹ́fẹ́ ń kó nínú HPLC. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ láàbù òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í lo helium. Wọ́n á tì í bọnú omi láti ìsàlẹ̀, á lé nitrogen àti oxygen jáde, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi. Ọgbọ́n tó dáa ni. Àmọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni helium ti ń wá, nínú sílíńdà, pẹ̀lú owó dọ́là. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, wọlé ní 1986, nígbà tó di 1987 dọ́là kan ti tó náírà mẹ́rin. Sílíńdà òfìfo wá dúró sí igun láàbù bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé. Àwọn kan ń ti nitrogen sínú omi dípò rẹ̀. Oxygen jáde lóòótọ́, àmọ́ nitrogen fúnra rẹ̀ wọlé, bọ́bùlù kò sì lọ. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn omi. Tí ẹ bá bi mí, òun nìkan kò lé ìdajì afẹ́fẹ́ jáde, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ Japan gbé àpótí tá a ń pè ní degasser jáde. Ìtàn ohun tó wà nínú rẹ̀ wù mí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1938, Roy Plunkett, oníṣẹ́ ilé iṣẹ́ DuPont, ṣí sílíńdà gáàsì kan, gáàsì ò jáde. Nígbà tí wọ́n rẹ́ ẹ sí méjì, ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ohun tó di Teflon. Tí a bá fi Teflon ṣe ọ̀pá tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ lè gba ara rẹ̀ jáde, omi kò lè gbà á. Wọ́n ká ọ̀pá yìí sínú àpótí tí páǹpù kékeré ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí omi ṣe ń kọjá lọ sí páǹpù HPLC ni afẹ́fẹ́ ń fi í sílẹ̀. Ọ̀pá ìgbà àkọ́kọ́ gùn. Irú èyí tí mo kọ́kọ́ tún ṣe ń gba bíi 12 mL ní ọ̀nà kan. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lo Teflon AF, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kíákíá, nítorí náà ọ̀pá tí kò gbà ju mL kan lọ ti tó.

Kí ló mú àpótí yìí dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀rọ̀ oògùn ni. Wọ́n dá NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ pẹ̀lú Òfin 15 ti 1993. Ní 2001, ìwé ìròyìn Lancet gbé ìwádìí kan jáde: àpẹẹrẹ oògùn 581 tí wọ́n rà ní ilé oògùn 35 ní Èkó àti Àbújá, 48 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò bá ìwọ̀n tó yẹ mu. HPLC ni wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn náà kò sí ilé iṣẹ́ oògùn tó lè sọ pé òun ò nílò ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Mọníyà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1967, HPLC wà lára ohun tí wọ́n fi ń wọn carotene inú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí àwọn àti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Umudike gbé jáde fáwọn àgbẹ̀ ní 2011. Ẹbí àwọ̀ ìyeyè tí Tswett rí nínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ nìyẹn.

Akobo ni mò ń gbé báyìí lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ṣì ń pè mí síṣẹ́. Láàbù àdáni kan wà ní ọ̀nà Ojúrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gbé degasser sílẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè mí ní Mọ̀mí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Mo ní kí wọ́n gbé àwọn ìgò àpòpọ̀ sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n ga ju páǹpù lọ, kí degasser wà láàárín. Mo fi síríńjì fa methanol gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan títí ọ̀pá fi kún, kí n tó tan fákúùmù. Ọ̀nà tí wọn ò lò, mo ní kí wọ́n fi methanol sí i, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Àpòpọ̀ tó ní iyọ̀ fọ́sífẹ́ètì, omi tó mọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ kí methanol tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ á dì sínú ọ̀pá. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí omi fọ́sífẹ́ètì sùn mọ́jú léraléra, nínú ooru yìí ewédò á hù nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá omi bóhóòlù ilé wọn lè ṣe é. Rárá o. Omi tó gba ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́ kọjá, tí wọ́n sì fi àsẹ́ 0.45 máíkírọ́ọ̀nù sẹ́, nìkan ni. Degasser kì í yọ ìdọ̀tí.

Ọ̀gá wọn bi mí pé, “Mà, ṣé iṣẹ́ yìí ti wá bọ́ lọ́wọ́ omi ẹ̀rọ nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ti bọ́ sọ́wọ́ NẸ́PÀ, àwọn oníná, bí wọ́n tiẹ̀ ti yí orúkọ yẹn padà láti 2005. Tí iná bá lọ, páǹpù fákúùmù á dúró, afẹ́fẹ́ á sì wọ ọ̀pá padà. Mo ní kí wọ́n so degasser mọ́ ínfátà pẹ̀lú páǹpù HPLC àti ojú tó ń ka èsì, kí wọ́n fi AC sílẹ̀ sórí jẹnẹrétọ̀. Tí iná bá já, kí wọ́n dúró kí fákúùmù padà bọ̀ sípò, kí wọ́n sì fi àpòpọ̀ ṣan ọ̀nà dáadáa kí wọ́n tó fi àpẹẹrẹ oògùn kankan sí i. Àwọn ọmọ náà kọ ọ́ sára ògiri. Ìgò gíláàsì Bunsen tí wọ́n fẹ́ kó dànù, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù: rọ́bà inú páǹpù fákúùmù ń gbó, èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó ti òkè òkun dé.