A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Dáàmù Ọ̀yán, Iná Mànàmáná àti Ẹ̀tọ́ Kòsọ́fẹ́ lórí Odò Ògùn

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n torí rẹ̀ dí odò náà: kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, kí àgbẹ̀ lè rí omi fún oko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná mànàmáná sì ti ara rẹ̀ jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gbé tọ́báìnì mẹ́ta síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè mẹ́gáwáàtì 3. Omi ń ṣàn bọ̀ wá sí Èkó láti ìgbà náà. Àwọn tọ́báìnì ní tiwọn wà láìṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ará Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, tó bá gbọ́ orúkọ Ọ̀yán kì í ronú kan iná. Òjò ló máa ń rántí. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé wọ́n ń tú omi sílẹ̀ ní Ọ̀yán, kí àwọn tó wà lẹ́bàá odò ní Kétu, Agbóyì, Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀, Ìṣẹrì àti Májídùn kó ẹrù wọn. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a kìlọ̀ fún kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá wá gba àṣẹ láti mú àwọn tọ́báìnì Ọ̀yán ṣiṣẹ́, kò yẹ kí àṣẹ náà ṣẹ láìsí ìwé ẹ̀rí omi tí Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí. Ìwé ẹ̀rí náà kò sì gbọdọ̀ mọ sórí bóyá omi mọ́ tàbí kò mọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye omi tí wọ́n lè tú sílẹ̀ àti àsìkò tí wọ́n lè tú u.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí omi náà ń gbà. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn. Ògùn á gba Abẹ́òkúta kọjá, á dé Àkútè, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi rẹ̀ fún iléeṣẹ́ omi Ìjú àti ti Adìyàn. Adìyàn nìkan, wọ́n kọ́ ọ kí ó lè pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Láti Àkútè, odò á gba Ìṣẹrì àti Kara, á gba ẹ̀yìn Mile 12, á gba Agbóyì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ọ̀nà ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó tó wọ inú ọ̀sà. Odò kan náà ló ń bọ̀ wá sí ẹ̀rọ omi wa, òun náà ló sì ń wọ yàrá wa.

Níbi tí iná mànàmáná ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn aláṣẹ kì í sábà ṣàlàyé. Gíga omi lẹ́yìn dáàmù ló ń fún tọ́báìnì lágbára. Nítorí náà, ẹni tó ń ta iná fẹ́ kí adágún kún dẹ́múdẹ́mú nígbà gbogbo. Ẹni tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ létí ọ̀nà Ìkòròdú fẹ́ òdìkejì rẹ̀: kí àyè ti wà nínú adágún kí òjò oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá tó dé, kí àkúnya rí ibi gbé. Dáàmù kan kò lè ṣe méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ìlànà dè é. Oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ti fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn wá: òjò pọ̀, wọ́n tú omi Ọ̀yán sílẹ̀, àwọn tó lé ní 1,000 sì di aláìnílé ní Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ìgbà tí kò sí òǹtajà iná kankan tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí adágún kún nìyẹn. Tí olówó bá wá fi owó rẹ̀ sórí mẹ́gáwáàtì 9, tó sì ń retí èrè lóṣooṣù, ta ni yóò ní kó dín omi kù ní oṣù Kẹjọ?

Ìyàtọ̀ kan tún wà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn ń lo iná jù. Bí wọ́n bá ń ti tọ́báìnì pa lóru tí wọ́n sì ń tú omi gbùà nírọ̀lẹ́, odò á máa ga, á máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Apẹja á mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń wa yanrìn á mọ̀ ọ́n, ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò náà á mọ̀ ọ́n.

Ti ìmọ́tótó omi náà kò kéré. Nínú adágún tó jìn, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, omi orí àti omi ìsàlẹ̀ kì í pòpọ̀ dáadáa. Omi ìsàlẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́. Ewé àti igi tó rì síbẹ̀ á máa jẹrà, wọ́n á sì gba ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Irin àti mángánísì tó wà nínú ẹrẹ̀ á yọ́ sínú omi, òórùn bí ti ẹyin tó bàjẹ́ á sì máa jáde. Bí ẹnu ọ̀nà tọ́báìnì bá wà nísàlẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹja tó bá pàdé rẹ̀ wà nínú ewu, iléeṣẹ́ omi tó bá fà á gbọ́dọ̀ náwó sí i kó tó di mímu. Bí odò ti ń ṣàn lọ ni yóò máa gba afẹ́fẹ́ padà, ó sì ṣeé ṣe kí ìṣòro náà ti fúyẹ́ kó tó dé Àkútè. Ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe” kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ìwé ẹ̀rí wà fún gan-an nìyẹn: kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ wọn omi náà kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ará Kòsọ́fẹ́ ni yóò fi ẹnu tọ́ ọ wò.

N kò gbàgbé àwọn tó wà lókè odò. Ní Ìbarò àti àwọn abúlé mìíràn tó yí adágún Ọ̀yán ká, omi tó dúró sójú kan mú ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri pọ̀ sí i. Àwọn olùṣèwádìí ti kọ nípa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nípa àwọn ọmọdé tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí pé wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ìjọba kó wá sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bí ìwé ẹ̀rí omi bá ti wà lọ́dún 1983, ọ̀rọ̀ tiwọn ni ì bá kọ́kọ́ jókòó lé lórí.

Òdodo mìíràn tó yẹ kí n sọ ni pé Ọ̀yán nìkan kọ́ ló ń mú omi wọ ilé wa. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Ọ̀yán tó 9,000 kìlómítà níbùú lóòró, nígbà tí ti Odò Ògùn lápapọ̀ tó nǹkan bíi 23,000. Omi ilẹ̀ tó ju ìdajì lọ ń bọ̀ láìkan dáàmù yìí rárá. A tún ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, a ń da ilẹ̀ dí àbàtà, a sì ń da pàǹtí sínú gọ́tà. Síbẹ̀, òjò kò ní ọ̀gá tí a lè bá sọ̀rọ̀. Dáàmù ní.

Amẹ́ríkà ti jẹ irú ìyà yìí rí, wọ́n sì fi òfin yanjú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń fún dáàmù oníná ní láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n abala 401 nínú òfin omi mímọ́ wọn ti ọdún 1972 sọ pé láísẹ́ǹsì náà kò lè jáde àfi tí ìpínlẹ̀ tí omi náà ti ń tú jáde bá fún oníṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Ìpínlẹ̀ lè kọ̀, ó sì lè fi àdéhùn sí i. Lọ́dún 1994, ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Washington ní kí iṣẹ́ iná kan lórí Odò Dosewallips má dín omi odò náà kù ju ìwọ̀n kan lọ, kí ẹja lè rí ibi yé ẹyin sí. Àwọn oníṣẹ́ ní ìmọ́tótó omi ni òfin sọ, kò sọ iye omi. Adájọ́ Sandra Day O'Connor kọ ìdájọ́ tó gbè ìpínlẹ̀: ilé ẹjọ́ náà ní a kò lè ya iye omi sọ́tọ̀ kúrò lára bó ṣe dára sí. Ìdájọ́ yẹn ló bá ìṣòro Kòsọ́fẹ́ mu jù nínú gbogbo òfin wọn.

Àmọ́ bí a bá kàn da ìlànà yẹn kọ, kò ní ṣe Èkó láǹfààní. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni dáàmù wà. Ògùn ni yóò fọwọ́ sí ìwé, Èkó á sì máa wò. Apá kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ nínú abala 401 náà ló yẹ ká gbájú mọ́. Ó sọ pé bí omi tó jáde ní ìpínlẹ̀ kan bá lè ba omi ìpínlẹ̀ mìíràn jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó o létí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ìpínlẹ̀ ìsàlẹ̀ odò náà ní láti tako iṣẹ́ náà, kí ó sì béèrè fún ìgbẹ́jọ́. Bí kò bá sí àdéhùn tó lè dáàbò bo omi rẹ̀, láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ jáde.

Nílé wa, ìwé òfin ọdún 1999 fi omi tó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí abẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, òfin omi ti ọdún 1993 sì ti fi irú odò bẹ́ẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ṣáájú. Àjọ tó ń ṣàkóso Ọ̀yán, ìyẹn àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, Àbújá ló ń dáhùn fún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún sọ pé àkóso ọ̀nà orí omi ní Èkó, ti àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ti yàtọ̀: àtúnṣe ìwé òfin àti òfin iná ti ọdún 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè fún oníṣẹ́ iná láṣẹ. Ẹ wo ibi tí èyí lè gbé wa dé. Ìjọba àpapọ̀ ló ni odò, Ìpínlẹ̀ Ògùn lè ṣàkóso iná orí rẹ̀, Èkó tó ń mu omi náà tó sì ń rì sínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Síbẹ̀, irúgbìn wà nínú òfin wa. Abala 11 nínú òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti ọdún 1992 sọ pé bí iṣẹ́ kan bá lè ṣe ìpalára ńlá fún ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí ibi tí iṣẹ́ náà ti fẹ́ wáyé fi tó wọn létí, kí ó fún wọn ní ìwé àyẹ̀wò náà, kí ó sì bá wọn jíròrò. Ẹ kíyè sí i: ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kòsọ́fẹ́ lè di abala yẹn mú láì dúró de ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àlausà. Ohun tó kù sí i ni eyín. Òfin ní kí wọ́n ṣe é “dé ibi tó bá ṣeé ṣe”, kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi tó létí bá ní òun kò gbà. Ó tún jẹ́ òfin iṣẹ́ tuntun. Adágún oníná tó bá ju 400 héktà lọ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò yìí. Ti Ọ̀yán tó 4,000 héktà, ṣùgbọ́n ó ti wà fún ọdún mẹ́sàn-án kí òfin tó dé. Èrò mi ni pé kí a ka mímú tọ́báìnì ṣiṣẹ́ sí iṣẹ́ tuntun, nítorí pé ó yí bí omi ṣe ń jáde padà.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Nígbà tí omi bo àwọn ìlú lẹ́bàá Odò Ọya àti Bẹ́núé lọ́dún 2012 àti 2022, a ké sí Kamẹrúùnù lórí dáàmù Lagdo pé kí wọ́n máa sọ fún wa kí wọ́n tó tú omi. Lọ́dún 2010 ni orílẹ̀-èdè wa wọ inú àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1997 lórí odò tó kan ju orílẹ̀-èdè kan lọ, èyí tó pàṣẹ pé kí ẹni òkè odò fi iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe tó ẹni ìsàlẹ̀ létí. Ẹ̀tọ́ tí Àbújá ń béèrè lọ́wọ́ Yaoundé ni Kòsọ́fẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ Àbújá.

Àwọn kan á ní a fẹ́ fi ìwé dí iná lọ́wọ́ nígbà tí òkùnkùn bo ilé. Ẹ̀rù náà tọ́. Lórí Odò Klamath ní Amẹ́ríkà, California àti Oregon jẹ́ kí oníṣẹ́ máa fa ìwé ìbéèrè rẹ̀ padà kí ó sì máa tún un mú wá lọ́dọọdún fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ òfin fún ìpínlẹ̀ ní ọdún kan péré. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ sọ pé wọ́n ti pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Ó yẹ kí tiwa náà ní gbèdéke, oṣù mẹ́fà sì tó. Èkó tí kò bá dáhùn láàárín rẹ̀ ti gbà.

Àdéhùn tí mo fẹ́ kí Èkó kọ sínú ìwé ẹ̀rí Ọ̀yán kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí omi adágún kò gbọdọ̀ kọjá bí oṣù Kẹjọ bá parí, tọ́báìnì ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ọ́síjìn, irin àti mángánísì nínú omi tó ń jáde, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lẹ́nu dáàmù àti ní Àkútè, kí iléeṣẹ́ omi sì lè béèrè owó àfikún ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àwọn ọmọ Ìbarò àti abúlé tó kù pẹ̀lú owó tí iná bá mú wá. Kí gíga omi adágún náà sì máa jáde ní gbangba lójoojúmọ́ láti oṣù Keje títí di oṣù Kọkànlá, lórí rédíò ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì Kòsọ́fẹ́ àti ẹnu ọ̀nà ọjà Mile 12, níbi tí alátà àti alátòmátì yóò ti kà á kí wọ́n tó pinnu iye ọjà tí wọ́n máa já sílẹ̀.