Ẹrù Ẹni Tó Ń Bá Ẹ̀fúùfù Rìn

Bí ẹ bá dé pápákọ̀ òfuurufú kan ní ilẹ̀ òyìnbó láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, tí ẹ rí géńdé kan tó ń wọ́ báàgì gbọọrọ tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ má bẹ̀rù. Ìbọn kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Káìtì ni, pẹ̀lú pákó, okùn àti pọ́ọ̀ǹpù.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú káìtì ọmọdé wò ó. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀, ọ̀rá àti òwú ìránṣọ ṣe nígbà ọyẹ́, bí ó bá já, ọmọ á sunkún díẹ̀, á sì tún òmíràn ṣe. Èyí tí mo ń wí yìí, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá kékeré kan: mítà onígun mẹ́rin 9, tàbí 12. Ẹni tó fẹ́ fi í ṣeré á de ìgbànú líle mọ́ ìbàdí, á dúró lórí pákó, á di ọ̀pá kan mú. Okùn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 20 mítà ló so ọ̀pá náà mọ́ káìtì lókè. Ẹ̀fúùfù á wá máa wọ́ onítọ̀hún sáré lójú òkun, nígbà mìíràn á sì gbé e fò kọjá gíga òrùlé. Ẹ ó ní, eré ọlọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ọlọ́wọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú ẹrù yẹn wò, nítorí kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹnì kan kò jìyà kó tó débẹ̀.

Okùn mẹ́rin yẹn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Pocock lorúkọ rẹ̀. Ní 1824, bàbá yìí so àga mọ́ káìtì ńlá kan, ó gbé Martha ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sínú àga, ẹ̀fúùfù sì gbé ọmọ náà lọ sókè réré. (Ìyá rẹ̀ ń kọ́? Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi nìyẹn.) Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, Martha sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, òun náà ló sì bí W. G. Grace, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní baba eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 1826, Pocock gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ kan tí káìtì méjì ń fà lójú títì. Wọ́n ní àwọn tó ń gba owó ojú ọ̀nà kò mọ iye tí wọn ì bá bù lé e, torí iye ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣírò, ọkọ̀ yìí ò sì lẹ́ṣin kankan! Okùn mẹ́rin ni Pocock fi ń darí káìtì rẹ̀, tó fi ń yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, tó sì fi ń dín agbára rẹ̀ kù. Igba ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí, okùn mẹ́rin náà ló ṣì wà nínú báàgì.

Lẹ́yìn Pocock ni Samuel Franklin Cody dé, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi ẹṣin àti ìbọn dárà lórí ìtàgé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cody ṣe káìtì tó lè gbé èèyàn sókè, ó sì fẹ́ kí àwọn ológun rà á lọ́wọ́ òun láti máa fi ṣe amí. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 1903, ó so káìtì mọ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní Calais, ó sì fi ẹ̀fúùfù nìkan gba orí òkun dé Dover. Ó gbà á tó wákàtí 13. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin yẹn nínú òkùnkùn, nínú òtútù, tí gbogbo ìrètí rẹ̀ so rọ̀ sórí aṣọ kan lófuurufú. Bí aṣọ yẹn bá já sómi, ó parí nìyẹn. Aṣọ tútù kì í fò.

Àìsàn tí kò rí oògùn fún ìgbà pípẹ́ nìyí: káìtì tó bá ti ṣubú sínú òkun kò ní dìde mọ́. Ní 1984 ni ọmọ ìyá méjì, Bruno àti Dominique Legaignoux, tí wọ́n jẹ́ ará etíkun Brittany ní ilẹ̀ Faransé, wá ìwé àṣẹ fún káìtì tí wọ́n rán ọ̀pá aláfẹ́fẹ́ sí létí. Ohun náà kò ṣòroó yé ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Rọ́bà tí a bá fẹ́ kún kì í rì, kì í sì í ká. Bí káìtì bá já, á léfòó; ẹni tó ni ín á fa okùn, ẹ̀fúùfù á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì gbéra padà. Ẹ ó rò pé ńṣe ni àwọn oníṣòwò á máa du nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Rárá o! Pákó onígbòkun ni ọjà rẹ̀ ń yá nígbà náà, kò sẹ́ni tó dá àwọn ọmọ Legaignoux lóhùn. Ó di 1997 kí káìtì wọn, tí wọ́n ń pè ní Wipika, tó bẹ̀rẹ̀ sí tà. Ọdún 13 gbáko! Ìdí tí pọ́ọ̀ǹpù fi wà nínú báàgì nìyẹn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sílé, á dúró létí òkun máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí eré náà ti wá gbajúmọ̀ ni erékùṣù Maui ní Hawaii, níbi tí Laird Hamilton àti Manu Bertin ti fi í hàn fáyé ní 1996. Ní 1998 wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó sì di 2024, ó ti wọ inú eré Olympics, ní Marseille. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ kì í jìnnà sí ìwé ìròyìn. Àwọn tí ìwé ìròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ni àwọn tó kú. Okùn méjì péré ni ọ̀pọ̀ káìtì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ní, wọ́n ti sọ ọgbọ́n Pocock nù. Bí ìjì bá dé lójijì, ẹni tó wà nídìí okùn kò rí ọ̀nà tó lè gbà rọ agbára káìtì, ẹ̀fúùfù á sì wọ́ ọ lọ bá ògiri, igi tàbí òkúta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi kún ẹrù: àṣíborí fún orí, ọ̀bẹ kékeré láti fi gé okùn, àti ohun pupa kan níwájú ọ̀pá tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tì í, gbogbo agbára káìtì á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2005 ni káìtì tí agbára rẹ̀ ṣeé dín kù dáadáa jáde. Ní 2020 sì ni àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ fún ohun pupa yẹn. Bí ẹ bá rí ọmọ tí kò fẹ́ gbé àṣíborí lọ nítorí pé ó ń gba àyè, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Èmi náà sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí fóònù pé òun ń lọ sí Mauritius. “Dádì Èkó,” ó ní, “kílò 23 péré ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi o, kí ni kí n yọ?” Mo ní kó ka ẹrù náà fún mi. Káìtì méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù bá le, ọ̀kan fún ọjọ́ tí kò bá le. Pákó. Ọ̀pá àti okùn. Ìgbànú. Pọ́ọ̀ǹpù. Bàtà rọ́bà, torí iyùn àti ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún tó wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. Ẹ̀wù rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí oṣù keje àti ìkẹjọ ni ìgbà òtútù wọn. Òróró tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó ara. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, gọ́ọ̀fù ni wọ́n kọ sára báàgì òun. Kí ló dé? Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kan máa ń gba owó gọbọi lórí pákó òkun, bí ẹrù gọ́ọ̀fù bá sì dé, wọ́n á jẹ́ kó kọjá. Àwọn tó ń rán báàgì ti gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bi í léèrè ọjọ́ tó ń lọ. Ó ní òun kò tíì mú ọjọ́. Mo ní, “Ó dáa, dúró ná.”

Ẹ̀fúùfù ló máa ń mú ọjọ́ fún ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, bó ti ṣe mú ohun gbogbo fún erékùṣù náà. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, ẹ̀fúùfù kan ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn láìsinmi púpọ̀. Òun kan náà ni àwọn ọkọ̀ onígbòkun ń bá rìn láyé àtijọ́. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ìgbà ooru àti ìjì líle ni. Nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1598, èbúté kan ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ni wọ́n wọ̀, tí a ń pè ní Grand Port lónìí. Wíwọlé rọrùn, ẹ̀fúùfù ló ń tì wọ́n wọlé. Jíjáde ni wàhálà, torí ẹ̀fúùfù yẹn náà ló dojú kọ wọ́n. Wọ́n pa ẹyẹ dódò tán, wọ́n sì kó kúrò ní 1710. Àwọn Faransé gba ibẹ̀ ní 1715. Nígbà tí gómìnà wọn, Mahé de La Bourdonnais, dé ní 1735, ìhà kejì ló tẹ̀dó sí, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkè ti bo èbúté, tí ẹ̀fúùfù sì ń ti ọkọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Port Louis nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀fúùfù ló yan olú-ìlú Mauritius?

Ẹ̀fúùfù kò kọ́ ilé o. Àwọn ẹrú ló kọ́ Port Louis, àwọn tí wọ́n kó láti Madagascar, láti Mòsáḿbíìkì àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, àwọn kan láti Íńdíà, díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Àwọn tí ojú wọn kò gbà á mọ́ sá wọ igbó. Ibi tí wọ́n sá sí jù ni òkè kan tó dá dúró sórí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Le Morne ni wọ́n ń pè é. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 556, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí ògiri, ihò àpáta sì wà lára rẹ̀. Láti òkè níbẹ̀, ẹni tó bá sá ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, àwọn tó ń wá a kò sì ní í rí i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà ní 1810. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1835, òfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ fún ọmọ ni pé àwọn ọlọ́pàá gun Le Morne lọ sọ fún àwọn tó sá síbẹ̀ pé wọ́n ti dòmìnira. Àwọn tó wà lókè rí aṣọ ìjọba tó ń bọ̀, wọ́n rò pé wọ́n tún fẹ́ wá dè wọ́n ni. Kàkà kí wọ́n padà sínú ẹrú, wọ́n bẹ́ sísàlẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Ohun tó wà nínú ìwé òfin ni pé òmìnira náà pàápàá kò pé lọ́jọ́ kan, torí wọ́n tún fi ipá mú àwọn ẹrú àná ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá wọn títí di 1839, nígbà tí wọ́n ti ń kó àwọn ará Íńdíà wá sóko ìrèké láti 1834. Ní 2008 ni UNESCO kọ Le Morne mọ́ ara àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹsẹ̀ òkè yẹn gan-an ni àwọn oníkáìtì ń lọ. Ẹ̀fúùfù gúúsù ìlà-oòrùn á yí òkè náà po, á sì sáré lórí omi tó tẹ́jú bí àwo láàárín etíkun àti àpáta iyùn. Lẹ́yìn àpáta ni ìgbì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní One Eye. Ọ̀gá nìkan ni kó débẹ̀, torí omi tó ń gba ẹnu àpáta jáde kì í bèèrè bóyá èèyàn ti jẹun. Nígbà tí wọ́n bá ń na okùn mẹ́rin wọn sórí iyanrìn, bí wọ́n bá gbójú sókè, Le Morne nìyẹn.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo rí nígbà tí mo fi kàlẹ́ńdà ẹ̀fúùfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìlú. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ìsinmi ìrántí òpin oko ẹrú ní Mauritius, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì máa ń péjọ sẹ́sẹ̀ Le Morne láti fi òdòdó sílẹ̀ fún àwọn tó kú. Oṣù kejì náà sì ni oṣù ooru àti ìjì, tí ẹ̀fúùfù rere kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ oníkáìtì tó ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò rí ọjọ́ náà rí.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Dádì, tí mo bá lọ ní oṣù kejì ńkọ́?” Mo ní kó yẹ ojú ọjọ́ wò dáadáa kó tó wọkọ̀, kó má bàa kó sínú ìjì. Mo ní kó mú káìtì 12 nìkan, kó fi èyí tó kéré sílé, kó sì fi àyè tó ṣẹ́kù di bàtà tó nípọn, torí ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà gun òkè náà.