Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Adarí Mìíràn Darí Iná Kérésìmesì Aláwọ̀ Púpọ̀

Ẹni tó bá ra iná ẹ̀ṣọ́ Kérésìmesì aláwọ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé àpótí kékeré kan wà lẹ́nu okùn iná náà. Àpótí yìí ni ẹ̀rọ adarí. Òun ló ń pàṣẹ fún àwọn gílóòbù pé kí wọ́n pọ́n, kí wọ́n di àwọ̀ ewé, tàbí kí wọ́n máa ṣẹ́jú. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ nílé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá sì bàjẹ́, gbogbo okùn iná náà di òkú nìyẹn, bí àwọn gílóòbù rẹ̀ tilẹ̀ pé perepere. Ìdí méjì yìí ló mú kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ máa gé àpótí náà kúrò, kí wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ṣe fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà ní ètò. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé ètò yóò ba iná rẹ̀ jẹ́, ó sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàǹbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Nínú oṣù Kejìlá, ọdún 1882, Edward Johnson tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ fi gílóòbù 80, pupa, funfun àti búlúù, ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́ ní New York. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni gílóòbù kan máa ń ní. Ìgbà tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ṣe iná LED búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2014, ló tó rọrùn láti kó pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù pọ̀ sínú gílóòbù kan.

Irú iná tó wà lọ́wọ́

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ irú iná tí èèyàn ní. Èyí tó ń gba iná ilé tààrà, láìsí ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù láàárín, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú wò. Irú kejì ní wáyà mẹ́rin: ọ̀kan jẹ́ ti gbogbogbòò, mẹ́ta yòókù jẹ́ ti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo gílóòbù irú èyí ló ń yí àwọ̀ padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tànsísítọ̀ mẹ́ta sì tó láti darí wọn. Irú kẹta ló dùn jù. Wáyà mẹ́ta ló ní: ọ̀kan ń gbé iná wọlé, ọ̀kan ń dá a padà, ọ̀kan ń gbé àṣẹ. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló ní ọpọlọ tirẹ̀ nínú.

Èdè tí àwọn gílóòbù ń gbọ́

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ni Color Effects G-35, tó ní orúkọ GE lára, tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Kò pẹ́ tí ó jáde tí àwọn onímọ̀ fi tú àṣírí èdè rẹ̀. Àmì 26 ló wà nínú àṣẹ kan: 6 fún nọ́ńbà gílóòbù, 8 fún bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, lẹ́yìn náà 4 fún búlúù, 4 fún àwọ̀ ewé, 4 fún pupa. Oríṣi àwọ̀ 4,096 nìyẹn. Àmì kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ìdá 30 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sí gílóòbù tó ní nọ́ńbà. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó bá kan gílóòbù kan ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó jẹ́ kí àṣẹ kọjá sí èkejì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ adarí tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá já lójijì lára okùn náà, wọn yóò gbàgbé nọ́ńbà wọn, àfi kí wọ́n tún un ṣe.

WS2811 tó gbòde lẹ́yìn rẹ̀ kò ní nọ́ńbà rárá. Gílóòbù àkọ́kọ́ á mú àmì 24 tó ṣáájú, á sì ta ìyókù sí èkejì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lórí ìlà. Arduino, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì lọ́dún 2005, lè sọ èdè méjèèjì. Ètò ọ̀fẹ́ WLED, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ESP32, gbọ́ ti WS2811, èèyàn sì lè fi fóònù darí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń so ó

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n á fi mítà wo iṣẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan nígbà tí àpótí àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọ̀ wáyà lè tan ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ iná kúrò pátápátá kí wọ́n tó gé e. Wáyà tó ń dá iná padà lára okùn náà àti ti ẹ̀rọ adarí gbọ́dọ̀ pàdé. Bí wọn kò bá pàdé, gílóòbù kò ní lóye àṣẹ kankan. Àṣẹ kì í sì gba ẹ̀yìn wọlé: ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà. Fóòtì 3.3 ni ESP32 fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ gílóòbù ń retí fóòtì 5, nítorí náà wọ́n máa ń fi ṣíìpù bíi 74AHCT125 sáàárín láti gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Ibi tí ewu wà

Gílóòbù WS2811 onífóòtì 5 kan lè fa nǹkan bíi mílíàmpù 60 bí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn tán. Gílóòbù 50 á fa àmpù 3. Kò gbọdọ̀ gba inú Arduino kọjá. Yóò jó o. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ni kí wọ́n so okùn náà mọ́ tààrà, pẹ̀lú fíúùsì láàárín. Bí ìparí okùn bá ń pọ́n dípò funfun, iná kò tó dé ibẹ̀ ni. Kí wọ́n fa wáyà iná mìíràn lọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìta ni wọn yóò gbé e kọ́, gbogbo ojú ìsopọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí òjò kò lè wọ̀.

Sùúrù ni wọ́n fi ń pa eèrà kí wọ́n tó rí ìfun inú rẹ̀. Okùn iná tó yẹ kó ti di ẹrù ààtàn yóò tún tàn lọ́dún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wọn wáyà mẹ́ta kó tó mú ọ̀bẹ.