Stilicho: Ọ̀gágun Tí Róòmù Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gágun Róòmù, Julius Caesar ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Díẹ̀ nínú wa ló mọ Flavius Stilicho. Bẹ́ẹ̀, òun ló di ìhà Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ ọba Róòmù mú fún ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ilé fẹ́ dà wó. Kì í ṣe ọ̀tá ló ṣẹ́gun rẹ̀ lójú ogun. Àwọn tó ń ṣọ́ gan-an ni wọ́n pa á ní ọdún 408 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Kí ló gbé ọkùnrin yìí ga, kí ló sì bì í ṣubú?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Róòmù, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yà Vandal ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí àwọn ará Róòmù ń pè ní aláìlajú. Bàbá yìí jẹ́ jagunjagun ẹlẹ́ṣin nínú ẹgbẹ́ ogun Róòmù, ọmọ náà sì tọ ipa rẹ̀. Nígbà tí Stilicho ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n rán an mọ́ àwọn tó lọ bá ọba Páṣíà sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí, Olú-ọba Theodosius fi Serena, ọmọ arákùnrin rẹ̀ tó mú bí ọmọ, fún un ní aya. Bí ọmọ àjèjì ṣe di àna ọba nìyẹn. Nígbà tó yá, ó di olórí gbogbo ọmọ ogun, ipò tí a lè fi wé ti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò láàárín tiwa.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 395, Theodosius kú ní ìlú Milan. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì pín ilẹ̀ ọba náà: Arcadius jọba ní Ìlà-Oòrùn, Honorius sì jọba ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Honorius. Ta ni yóò máa ṣàkóso fún un? Stilicho ni. Òun tilẹ̀ sọ pé ọmọ méjèèjì ni ọba fi lé òun lọ́wọ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Arcadius kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 397, wọ́n kéde pé Stilicho ti di ọ̀tá ìlú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ló ń fún ọ̀tá láyè.

Síbẹ̀, ó ń ṣẹ́gun. Nígbà tí Gildo, tó ń ṣàkóso ní Àríwá Áfíríkà, dá àlìkámà tí àwọn ará Róòmù ń jẹ dúró, ọmọ ìyá Gildo fúnra rẹ̀, Mascezel, ni Stilicho rán láti lọ bá a jà. Wọ́n ṣẹ́gun Gildo ní ọdún 398. Ọdún yẹn náà ni Maria, ọmọbìnrin Stilicho, di ìyàwó Honorius. Ní ọdún 402, Stilicho dojú ìjà kọ Alaric, olórí àwọn Goth, ní Pollentia ní ọjọ́ Àjíǹde, ó sì tún bá a jà ní Verona. Ní ọdún 406, ó ká Radagaisus mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Florence, ó fi ebi ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì pa á. Akéwì Claudian ń kì í ní ààfin bí onírárà ṣe ń ki ọba.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kó tó lè dáàbò bo Ítálì, ó ti kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní ẹnubodè. Nígbà tí ọdún 406 ń parí lọ, àwọn Vandal, àwọn Alan àti àwọn Suebi ya kọjá odò Rhine wọ ilẹ̀ Gaul, tó di Faransé lónìí. Ní ọdún 407, àwọn ọmọ ogun tó wà ní Bìrìtéènì fi Constantine jọba fúnra wọn, ìyẹn náà sì gba Gaul. Àwọn ènìyàn wá ń kùn pé: kí ló dé tí Alaric fi ń bọ́ lọ́wọ́ Stilicho ní gbogbo ìgbà? Ṣé kì í ṣe pé àjèjì ń gbè sẹ́yìn àjèjì ni?

Ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀ ní ọdún 408. Alaric béèrè ìwọ̀n pọ́n-ùn wúrà 4,000. Stilicho rọ ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì pé kí wọ́n san án, nítorí ó fẹ́ kí Alaric ran òun lọ́wọ́. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn. Ọ̀kan lára wọn, Lampadius, sọ pé ẹrú ni wọ́n fi ara wọn ṣe, kì í ṣe àlàáfíà. Nínú oṣù Ẹ̀bìbí ọdún yẹn ni Arcadius kú, ó fi ọmọ kékeré sílẹ̀ lórí ìtẹ́. Olympius, ìjòyè kan ní ààfin, wá ń sọ sí Honorius létí pé Stilicho fẹ́ fi Eucherius, ọmọ tirẹ̀, jọba ní Ìlà-Oòrùn. Àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ticinum gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, wọ́n sì pa àwọn ìjòyè tó jẹ́ ti Stilicho.

Àwọn jagunjagun àjèjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe tán láti jà fún un. Kò kó wọn lọ bá Róòmù jà. Ó lọ sí Ravenna, ó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n rán wá búra níwájú bíṣọ́ọ̀bù pé àwọn kò ní pa á, pé ṣíṣọ́ ni àwọn fẹ́ máa ṣọ́ ọ. Bó ṣe jáde báyìí ni wọ́n mú ìwé mìíràn jáde: kí wọ́n pa á. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ gbà á sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì na ọrùn fún idà. Ọjọ́ 22 oṣù Ògún ni.

Èrè wo ni Róòmù jẹ? Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìyàwó àti ọmọ àwọn jagunjagun àjèjì káàkiri àwọn ìlú Ítálì. Àwọn jagunjagun náà bínú lọ bá Alaric; òpìtàn Zosimus sọ pé wọ́n ju 30,000 lọ. Kí ọdún yẹn tó parí, Alaric ti dé ẹnu bodè Róòmù. Àwọn tí 4,000 ń dùn wá san pọ́n-ùn wúrà 5,000, pọ́n-ùn fàdákà 30,000, àti pọ́n-ùn ata 3,000 lé e. Èyí náà kò tó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún, ọdún 410, àwọn Goth wọ ìlú, wọ́n sì kó o fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó nǹkan bí 800 ọdún tí ọ̀tá ti wọ Róòmù bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Jerome, àlùfáà tó gbé ayé nígbà náà, pe Stilicho ní ọ̀dàlẹ̀ tó jẹ́ àjèjì lápá kan. Ní tiwa, a rò pé ó ní àṣìṣe tirẹ̀: ojú rere ọ̀dọ́ ọba kan ṣoṣo ló fi gbogbo agbára rẹ̀ tì, kò sì tún àárín òun àti Ìlà-Oòrùn ṣe. Ọjọ́ tí ọba yí ojú padà, kò sí ẹni tí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀dàlẹ̀ kì í ní ọmọ ogun lẹ́yìn kó sì na ọrùn fún idà. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló mú kí ẹ̀sùn náà rọrùn láti gbàgbọ́. Àwọn tó sì pa á kò ní ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Alaric wà lóde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ló ṣílẹ̀kùn fún un.